Ṣé Ìwé Ìkànìyàn Lè Sọ Ẹgbẹ́ Tí Ẹkùn Kan Máa Dìbò Fún?

Ọ̀rọ̀ ìdìbò Amẹ́ríkà la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe ti ààrẹ tí gbogbo ayé máa ń pariwo lé lórí. Ti Ilé Aṣojú-ṣòfin ni, ilé tí wọ́n ti ń ṣe òfin lórí owó-orí, lórí ìwé ìgbélùú, lórí owó ìtọ́jú àìsàn.

Eré kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa ṣe. Mo máa ń ṣí àkọsílẹ̀ ìkànìyàn ìjọba Amẹ́ríkà, màá wá bo orúkọ ẹkùn ìdìbò kan mọ́lẹ̀, màá ka àwọn nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan. Irú àwọ̀ wo ni àwọn tó ń gbé níbẹ̀? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Èló ló ń wọlé fún wọn lọ́dún? Mélòó nínú wọn ló jáde yunifásítì? Mélòó ló ń gbé ilé ara wọn, mélòó ló ń sanwó ilé? Èdè wo ni wọ́n ń sọ nínú ilé? Lẹ́yìn náà ni màá bi ara mi pé: ẹgbẹ́ wo ni àwọn èèyàn yìí ń dìbò fún, Democrat ni àbí Republican? Yóò yà yín lẹ́nu bí èsì rẹ̀ ṣe máa ń bọ́ sí i tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó.

Èmi ń fi ṣeré ni o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ wọn nìyẹn. Irú ìfojúbù yìí ni wọ́n fi ń pinnu ibi tí ààlà ẹkùn máa gbà, ibi tí ààlà bá sì gbà ló ń sọ bóyá ìbò yín máa lágbára tàbí kò ní lágbára. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ká sì kọ́ ibi tó máa ń tanni jẹ.

Ibi tí nọ́ńbà náà ti ń wá

Ìjókòó 435 ló wà nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà. Ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ìjọba ń ka gbogbo ẹni tó ń gbé lórílẹ̀-èdè náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín ìjókòó wọ̀nyẹn fún àwọn ìpínlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èèyàn wọn ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2020, ẹkùn kan ní èèyàn bíi 761,000 tí a bá pín in dọ́gba. Ní ọdún 1964, nínú ẹjọ́ Wesberry v. Sanders, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé àwọn ẹkùn tó wà nínú ìpínlẹ̀ kan náà gbọ́dọ̀ dọ́gba ní iye èèyàn débi tó bá ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún ààlà fà lẹ́yìn ìkànìyàn kọ̀ọ̀kan, torí pé àwọn èèyàn ń kó lọ, wọ́n ń kó bọ̀.

Yàtọ̀ sí ìkànìyàn ńlá yẹn, ìwádìí mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní American Community Survey. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí ilé tó tó mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀. Inú rẹ̀ ni a ti ń rí ọ̀rọ̀ owó, ìwé kíkà, iṣẹ́, èdè àti ibi tí wọ́n ti bí èèyàn. Ohun tí ẹ kò ní rí nínú àwọn méjèèjì ni ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìjọba kì í béèrè ẹni tí ẹ dìbò fún, àṣírí yín nìyẹn. Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò ju àròpọ̀ ìbò ibùdó kọ̀ọ̀kan lọ. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fojú bù ú ní láti so nǹkan méjì pọ̀: irú èèyàn tó wà níbì kan, àti iye ìbò tó jáde níbẹ̀.

Bí ilé ṣe fún mọ́ra tó

Nọ́ńbà tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni bí àwọn èèyàn ṣe fún mọ́ra tó. Ẹkùn kan wà ní Manhattan nínú ìlú New York tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn já láàárọ̀. Ìpínlẹ̀ Alaska náà jẹ́ ẹkùn kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́nà méjì. Iye èèyàn inú méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Níbi tí ilé bá ti fún mọ́ra, tí àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n ń sanwó ilé, Democrat ló sábà máa ń wọlé níbẹ̀. Níbi tí ilé bá ti jìnnà síra, tí oko àti igbó pọ̀, tí kálukú ní ilé àti ọkọ̀ tirẹ̀, Republican ló sábà máa ń wọlé. Àárín ìlú àti oko, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ́lé sí tí wọ́n sì ń tọ́ ọmọ sí, ibẹ̀ ni ìjà wà. Tí wọ́n bá ní kí n lo nọ́ńbà kan ṣoṣo, ọ̀kan tó máa wà lára èyí tí màá mú nìyí.

Àwọ̀, àti ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Ìkejì ni àwọ̀. Nínú ìdìbò ọdún 2020, nínú aláwọ̀ dúdú mẹ́wàá tó dìbò, bíi mẹ́sàn-án ló dìbò fún Democrat. Kò sí ẹgbẹ́ ńlá mìíràn nínú ìwé ìkànìyàn tí ìbò wọn lọ síbì kan tó báyìí. Nítorí náà, tí mo bá rí ẹkùn tí aláwọ̀ dúdú ti ju ìdajì lọ, mi ò tún ní wo nọ́ńbà kejì mọ́.

Àmọ́ ẹ má rò pé inú ẹ̀jẹ̀ lèyí wà. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ẹkùn kìíní ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní gúúsù ìlú Chicago. Láti ọdún 1929 ni aláwọ̀ dúdú ti ń ṣojú ẹkùn yẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni Oscar De Priest, Republican sì ni. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ Abraham Lincoln, ẹni tó kéde òmìnira ẹrú, ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ka ẹgbẹ́ Republican sí. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, tí Ààrẹ Franklin Roosevelt ti ẹgbẹ́ Democrat bẹ̀rẹ̀ ètò ìrànlọ́wọ́, ọkàn àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ní ọdún 1934, Arthur Mitchell, aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ Democrat, fi ìbò lé De Priest kúrò. Ní ọdún 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson ti ẹgbẹ́ Democrat fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ aráàlú, Barry Goldwater tó díje fún Republican lọ́dún yẹn sì ti dìbò lòdì sí i nílé aṣòfin àgbà. Àtìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti dúró bó ṣe wà yìí.

Ṣé ẹ rí i? Lójú ìwé ìkànìyàn, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ní ọdún 1929, aláwọ̀ dúdú náà ni wọ́n ní ọdún 1964. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ nípa ìbò ló yí padà. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú bá ṣe fún èèyàn tàbí sí èèyàn ló ń fún nọ́ńbà ní ìtumọ̀.

Owó ni àbí ìwé?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tálákà ń dìbò fún Democrat, olówó ń dìbò fún Republican. Ẹ jẹ́ ká dán an wò.

Ẹ mú ẹkùn karùn-ún ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní agbègbè òkè tí wọ́n ti ń wa èédú, àti ẹkùn kẹẹ̀ẹ́dógún ní New York, ní apá gúúsù Bronx. Méjèèjì wà lára àwọn ẹkùn tó tòṣì jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Tó bá jẹ́ pé owó nìkan ló ń pinnu ìbò, ọ̀nà kan náà ló yẹ kí wọ́n gbà. Àmọ́ ní ọdún 2020, nínú olùdìbò mẹ́wàá ní Kentucky yẹn, bíi mẹ́jọ ló dìbò fún Trump. Ní Bronx, ó ju mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ tó dìbò fún Biden. Ti Kentucky, aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, orí òkè ni wọ́n wà, ilé wọn sì jìnnà síra. Ti Bronx, àwọn tí ìdílé wọn ti Puerto Rico àti Dominican Republic wá àti àwọn aláwọ̀ dúdú ló kún ibẹ̀, ilé wọn sì gun orí ara wọn. Owó dọ́gba, ìbò kò dọ́gba.

Ẹ wá wo apá ọlọ́rọ̀. Loudoun County ní ìpínlẹ̀ Virginia wà lára àwọn ibi tí owó tó ń wọlé fún ìdílé kan ti pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà. Ẹkùn kẹwàá tí ibẹ̀ wà wà lọ́wọ́ Republican láti ọdún 1981. Ní ọdún 2018, Jennifer Wexton ti ẹgbẹ́ Democrat gbà á. Àwọn ará ibẹ̀ kò di tálákà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó jáde yunifásítì kún ibẹ̀, irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ sì ti ń kúrò lẹ́yìn Republican káàkiri Amẹ́ríkà. Ní òdìkejì, àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun tí kò lọ yunifásítì ti ń kúrò lẹ́yìn Democrat. Elliott County ní Kentucky ń dìbò fún Democrat nínú gbogbo ìdìbò ààrẹ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1869. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ yí padà.

Tí ẹ bá fẹ́ rí agbára ìwé ní gbangba, ẹ gbé Vermont sẹ́gbẹ̀ẹ́ West Virginia. Méjèèjì jẹ́ ìpínlẹ̀ kékeré, òkè àti igbó ló pọ̀ níbẹ̀, nínú èèyàn mẹ́wàá sì rèé, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ẹni tó bá wo àwọ̀ àti ilẹ̀ nìkan máa sọ pé ìbò kan náà ni wọ́n máa dì. Ní ọdún 2020, Biden gba 66% ní Vermont, Trump gba bíi 69% ní West Virginia. West Virginia ni àwọn àgbàlagbà tó ní oyè yunifásítì ti kéré jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, Vermont sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì tiwọn. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ìwé ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí ju owó lọ.

Ohun tí ìwé ìkànìyàn kò béèrè

Títí débi tí a dé yìí, ó dà bíi pé gbogbo rẹ̀ ti yanjú: ẹ wo bí ilé ṣe fún mọ́ra, ẹ wo àwọ̀, ẹ wo ìwé. Ẹ dúró díẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí nǹkan mẹ́ta yìí kò ní gbé yín dé ilé.

Ẹ gbé ìlú Provo ní Utah sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Madison ní Wisconsin. Ìlú yunifásítì ni méjèèjì, ọ̀dọ́ pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó kàwé pọ̀, aláwọ̀ funfun ló sì pọ̀ jù. Madison ń dìbò fún Democrat pátápátá, Provo sì jẹ́ ilé Republican. Kí ló dé? Yunifásítì tó wà ní Provo, Brigham Young University, ti ìjọ Mormon ni, àwọn ọmọ ìjọ náà ló sì kún ìlú náà. Ìkànìyàn Amẹ́ríkà kì í béèrè ẹ̀sìn, òfin kò sì gbà kí wọ́n fi dandan mú ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nípa Provo kò sí nínú àkọsílẹ̀ rárá.

Ìṣòro kejì ni orúkọ kan tó bo oríṣiríṣi èèyàn mọ́lẹ̀. Ìjọba ń pe gbogbo ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípáníìṣì wá ní Hispanic. Àmọ́ àwọn tó sá kúrò ní Kúbà lẹ́yìn tí Fidel Castro gba ìjọba ní ọdún 1959, tí wọ́n tẹ̀dó sí Miami, wọn kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ohunkóhun tó bá jọ ti ìjọba yẹn, Republican sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń dìbò fún. Àwọn ará Puerto Rico tó wà ní Bronx kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ sórí méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn kan náà lè yí padà láìkúrò níbi tí wọ́n wà. Starr County wà ní ìpínlẹ̀ Texas, lẹ́bàá odò tó pín in níyà sí Mẹ́síkò. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn níbẹ̀, ó ju 95 lọ tó jẹ́ Hispanic. Ní ọdún 2016, Hillary Clinton gba bíi 79% níbẹ̀. Ní ọdún 2020, Biden gba 52%. Ní ọdún 2024, Trump ló wọlé, ó sì ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí Republican kan ti wọlé níbẹ̀ nínú ìdìbò ààrẹ. Láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn, nọ́ńbà ìkànìyàn ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọkàn àwọn èèyàn ló yí padà.

Ìṣòro kẹta: ẹni tí wọ́n kà yàtọ̀ sí ẹni tó dìbò. Ìkànìyàn ń ka ọmọ ọwọ́, ó ń ka ẹni tó ní ìwé ìgbélùú àti ẹni tí kò ní. Ẹkùn kejìlélógún ní California, ní àárín oko ńláńlá wọn, nínú èèyàn mẹ́wàá bíi méje ló jẹ́ Hispanic. Ní ọdún 2020, ìbò Biden ló pọ̀ jù ní agbègbè náà. Bẹ́ẹ̀, David Valadao ti ẹgbẹ́ Republican ló wọlé níbẹ̀ ní ọdún 2022. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ jẹ́ ọmọdé, àwọn mìíràn kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè, àwọn mìíràn sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ṣùgbọ́n wọn kò jáde. Olùdíje fúnra rẹ̀ tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹkùn kejì ní Maine dìbò fún Trump ní ọdún 2016, 2020 àti 2024, síbẹ̀ Jared Golden tó jẹ́ Democrat wọlé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láti ọdún 2018 sí 2024. Ìwé ìkànìyàn kò lè sọ fún yín ẹni tí àwọn ará àdúgbò gbọ́kàn lé.

Ìka kò dọ́gba

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Ní ọdún 1950, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ W. S. Robinson tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn oníṣirò ìbò kò tíì gbàgbé. Ó mú àkọsílẹ̀ ìkànìyàn ọdún 1930, ó wo àwọn ìpínlẹ̀, ó sì rí i pé níbi tí àwọn tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè bá ti pọ̀, níbẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ máa sọ pé àwọn àjèjì ló mọ̀wé jù. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, òdìkejì ló rí: àwọn àjèjì kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tó àwọn onílé. Ohun tó fà á ni pé àwọn ìpínlẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ ti dára, tí iṣẹ́ sì wà, ni àwọn àjèjì ń lọ.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé nọ́ńbà ẹkùn, ti ẹkùn ni, kì í ṣe ti èèyàn inú rẹ̀. Tí ẹkùn kan bá dìbò 60% fún Democrat, ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá tí ẹ bá pàdé ní títì rẹ̀ kò dìbò bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ìka kò dọ́gba. Nítorí náà, ẹ má wo ojú ẹni kan, ẹ má wo àdúgbò rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹ ti mọ ìbò rẹ̀.

Nígbà tí ìfojúbù bá di ọ̀bẹ

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Tí èmi tí mo ń ṣeré bá lè fojú bù ú, ẹ rò ó wò, kí ni ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, tó ní ìbò ibùdó kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́wàá, tó sì ní àṣẹ láti fa ààlà, lè ṣe?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kékeré ṣe é. Ká ní ìlú kan ní olùdìbò 15. Mẹ́sàn-án wà nínú ẹgbẹ́ Iṣu, mẹ́fà wà nínú ẹgbẹ́ Àgbàdo. A fẹ́ pín wọn sí ẹkùn mẹ́ta, márùn-ún-márùn-ún. Ẹgbẹ́ Iṣu ló pọ̀ jù, ó yẹ kí wọ́n gba ẹkùn méjì ó kéré tán. Àmọ́ ẹgbẹ́ Àgbàdo ló mú bírò dání. Wọ́n kó ọmọ ẹgbẹ́ Iṣu márùn-ún sínú ẹkùn kan ṣoṣo. Ó wá ku Iṣu mẹ́rin àti Àgbàdo mẹ́fà. Wọ́n pín ìyẹn sí méjì: Iṣu méjì àti Àgbàdo mẹ́ta níhìn-ín, Iṣu méjì àti Àgbàdo mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ Àgbàdo gba ẹkùn méjì, ẹgbẹ́ Iṣu gba ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó jí àpótí ìbò, kò sẹ́ni tó yí èsì. Ààlà nìkan ni wọ́n fà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n nílò ni kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ Iṣu àti ẹni tó jẹ́ Àgbàdo ṣáájú ọjọ́ ìdìbò.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1812, Gómìnà Elbridge Gerry ní Massachusetts fọwọ́ sí ẹkùn kan tó lọ́ lọ́nà tí àwọn oníwèé ìròyìn fi sọ pé ó jọ ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní salamander. Orúkọ tí wọ́n ṣù pọ̀ látara ìyẹn, gerrymander, ni wọ́n ṣì ń lò dòní. Nínú ẹjọ́ Rucho v. Common Cause ní ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé tó bá jẹ́ nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n ṣe fa ààlà, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kò ní í dá sí i.

Ẹ wo North Carolina. Ní ọdún 2022, wọ́n dìbò lórí ààlà tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí, Democrat gba ìjókòó méje, Republican gba méje. Àwọn aṣòfin Republican tún ààlà fà. Ní ọdún 2024, Republican gba mẹ́wàá, Democrat gba mẹ́rin. Àwọn ará ìpínlẹ̀ náà kò yí padà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjì. Kì í sì í ṣe Republican nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ní Illinois, níbi tí Democrat ti mú bírò, wọ́n gba ìjókòó 14 nínú 17 ní ọdún 2022, bẹ́ẹ̀ nínú olùdìbò mẹ́wàá níbẹ̀, bíi mẹ́rin ló dìbò fún Trump ní ọdún 2020.

Síbẹ̀, ìṣirò yìí kan náà ni àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lè fi gbèjà ara wọn. Ní ọdún 1986, nínú ẹjọ́ Thornburg v. Gingles, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ohun tí ẹni tó bá ń fẹ̀sùn kàn lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò gbọ́dọ̀ fi hàn: pé àwọn tó kéré ní iye pọ̀ tó láti ní ẹkùn tiwọn, pé wọ́n ń dìbò pa pọ̀, àti pé àwọn tó pọ̀ jù ń dìbò pa pọ̀ débi tí wọ́n fi ń borí wọn nígbà gbogbo. Báwo ni wọ́n ṣe máa fi í hàn nígbà tí ìbò jẹ́ àṣírí? Wọ́n á mú iye aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun tó wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì ibẹ̀, wọ́n á sì ṣírò.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Alabama nìyẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn níbẹ̀, bíi 27 jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìpínlẹ̀ náà ní ẹkùn méje, ọ̀kan ṣoṣo ni aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nínú ẹjọ́ Allen v. Milligan, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá àwọn olùpẹ̀jọ́ láre. Wọ́n tún ẹkùn kejì fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Shomari Figures wọlé níbẹ̀, ó sì dara pọ̀ mọ́ Terri Sewell. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Alabama máa ní aṣojú aláwọ̀ dúdú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà ló ṣẹ́jọ́ yẹn.

Ibi tó ti kàn wá

Àwọn kan nínú yín máa ní, “Kí ló kàn mí níbẹ̀? Mi ò tíì lè dìbò.” Ó kàn yín o. Nínú fọ́ọ̀mù ọdún 2020, lábẹ́ àpótí aláwọ̀ dúdú, wọ́n kọ àpẹẹrẹ ibi tí èèyàn lè ti wá, Nigerian sì wà lára rẹ̀. Ó lé ní 600,000 èèyàn tí wọ́n kà sí ọmọ Nàìjíríà. Tí ẹ kò bá kọ ọ́, aláwọ̀ dúdú lásán ni ẹ máa jẹ́ nínú àkọsílẹ̀. Ẹ ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí orúkọ kan bá bo oríṣiríṣi èèyàn mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń wá ìbò ní Houston lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun wá kí yín.

Fọ́ọ̀mù ọdún 2020 yẹn kò béèrè bóyá èèyàn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tún sọ pé àkọsílẹ̀ tó ní orúkọ yín nínú gbọ́dọ̀ wà ní àṣírí fún ọdún 72. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn wa nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kan ilẹ̀kùn. Àwọn mẹ́jọ lè máa gbé inú ilé kan, kí wọ́n sọ pé mẹ́rin làwọn. Ẹ gbọ́ eléyìí: lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2020, New York pàdánù ìjókòó kan. Èèyàn mélòó ló kù kí wọ́n rí kà kí ìjókòó yẹn má bàa lọ? 89. Kò ju èrò inú ọkọ̀ ńlá méjì lọ. Ọdún mẹ́wàá gbáko ni wọ́n máa fi wà láìsí ìjókòó yẹn.

Nítorí náà, iṣẹ́ àmúrelé yín rèé. Ẹ lọ wo àkọsílẹ̀ ẹkùn tí ẹ ń gbé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo bí ilé ṣe fún mọ́ra, ẹ wo àwọ̀, ẹ wo ìwé, kí ẹ fojú bu ìbò ibẹ̀ kí ẹ tó wo èsì. Tí ó bá bọ́ sí i, ẹ bi ara yín pé ta ló fa ààlà náà. Tí kò bá bọ́ sí i, ẹ wádìí ohun tí nọ́ńbà kò sọ. Nígbà tí ìkànìyàn ọdún 2030 bá sì dé, ẹ ka gbogbo ẹni tó ń sùn nínú ilé, títí kan ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.